Omi Lábẹ́ Ìda

Àbẹ́là ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe. Kì í ṣe pé mo ń tà á nìkan o. Mo ń yọ́ ìda, mo ń fa òwú sáàárín mọ́ọ̀dù, mo ń da ìda sí i, mo sì ń gé ìdí àbẹ́là kó lè dúró. Láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọmọge títí di ìgbà tí orúnkún mi ní òun ò lè dúró nídìí iná mọ́, Ìsọlọ̀ yìí náà ni mo ti ṣe é. Tíṣà sáyẹ́ǹsì kan tó ń gbé ládùúgbò wa ní Ire-Akárí ló ní kí n wá sọ ìtàn iṣẹ́ mi fún ẹ̀yin ọmọ kíláàsì rẹ̀, torí pé ẹ ń kọ́ nípa àbùdá àwọn nǹkan: èyí tó le, èyí tó ń ṣàn, èyí tó wúwo, èyí tó fúyẹ́, èyí tó ń yọ́ àti èyí tí kì í yọ́. Mo ní kí lèmi mọ̀ nínú ìyẹn. Ó ní, "Ìyá, ṣebí ohun tí ẹ fi ń jẹun ni." Ó dáa. Tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn jù, òun ni kí ẹ bá wí.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gba àlàyé púpọ̀. Ará Ìsẹ́yìn ni wá. Ìyá mi ń ta ike àti abọ́ ní Oṣòdì, a sì ń gbé yàrá kan ní Ìsọlọ̀. Nígbà tí mo ka ìwé mẹ́fà tán, tí kò sí agbára láti tẹ̀ síwájú, ìyá mi mú mi lọ bá ọ̀gá kan tó ń ṣe àbẹ́là, torí pé ó mọ ìyàwó rẹ̀. Wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ṣàdúrà, ó parí. Ní ti owó, ọmọṣẹ́ kì í gbowó. Oúnjẹ ọ̀sán la ń jẹ, kì í sì í sábà yó ni. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Àwọn kan á máa bi mí pé báwo ni Mùsùlùmí ọmọ Mùsùlùmí ṣe ń ṣe àbẹ́là fún ìjọ aláṣọ funfun. Ìyá mi náà bi mí. Mo ní títà là ń tà á, a kì í tàn án. Ìyá mi ní, "Bó bá jẹ́ títà ni, Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i." Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tán níbẹ̀.

Bàbá Ìdòwú ni gbogbo àdúgbò ń pe ọ̀gá wa. Ará Ìlá ni wọ́n, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kì í sì í pariwo. Ẹ má rò pé ọ̀gá tí kì í pariwo ló dáa láti bá ṣe. Èyí tó ń pariwo, tó bá pariwo tán, á rẹ̀ ẹ́. Tiwa, tí àbẹ́là tí o ṣe bá ní ihò láàárín, wọ́n á kàn gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí gbogbo èèyàn bá ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé, wọ́n á tọ́ka sí i. Wàá jókòó, wàá tún un yọ́, wàá tún un dà, ìwọ àti ọ̀gá á jọ wà níbẹ̀ títí yóò fi dì. Wọn ò ní bú ọ. Ìgbà míì, ó ń wù mí kí wọ́n bú mi.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ni ni ọwọ́. Wọ́n á fi ìborùn dí ẹ lójú, wọ́n á kó ìda oríṣiríṣi sí ẹ níwájú, wọ́n á ní kí o sọ èyí tó dáa. Èékánná ni wàá fi ha á. Ìda tó dáa, ojú ilà ló máa ń ní, kì í fọ́n ká. Èyí tí wọ́n ti pò mọ́ ọ̀rá jù á lẹ̀ mọ́ ẹ léèékánná. Èyí tó bá le jù á bù wẹ́wẹ́ bí ẹfun. Wàá gbóòórùn rẹ̀, wàá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, wàá ṣẹ́ ẹ, wàá tẹ́tí sí bó ṣe dún. Tí o bá ṣì í, wọ́n á ní, "Tún un mú." Odindi oṣù ni mo fi ń tún un mú. Ẹ̀yin ẹ ń kà nínú ìwé pé líle àti rírọ̀ jẹ́ àbùdá. Èmi, èékánná mi ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Ọmọṣẹ́ kan wà tó ṣáájú mi dé ibẹ̀, Ṣadé lorúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ ni wá, ṣùgbọ́n ó ti mọ iṣẹ́, kì í sì í fi pamọ́ fúnni. Òun ló fi hàn mí pé ìda líle máa ń rì sínú ìda tó ti yọ́. Mo bá a jiyàn. Mo ní ṣebí yìnyín ń léfòó lórí omi, kí ló dé tí ìda ò ní léfòó lórí ìda? Ó ju ègé kan sínú ìkòkò, ègé náà sì lọ sísàlẹ̀ tààrà. Ó ní, "Lọ bá ìkòkò jiyàn." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń sọ̀rọ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyí, kí ẹ má baà jiyàn bíi tèmi. Nígbà tí ìda bá ń dì, ó máa ń fún mọ́ra, àyè tó ń gbà á sì dín kù. Ìdí nìyẹn tí ihò fi máa ń wà láàárín àbẹ́là tí a kò bá tún bu ìda lé e lórí nígbà tó ń tutù. Ìdí nìyẹn náà tó fi máa ń yọ kúrò nínú mọ́ọ̀dù láìjà. Omi ní tiẹ̀, alágídí ni. Tó bá ń dì, ńṣe ló ń fẹ̀. Ìgò tí ẹ rọ omi kún, tí ẹ dé pa, tí ẹ wá gbàgbé sínú fírísà, ṣé kì í bẹ́ ni?

A tún máa ń ra àjókù. Àjókù ni ìdí àbẹ́là tó ṣẹ́ kù nígbà tí ìjọ bá ti jó èyí tó kù tán. Pupa, búlúù, funfun, yẹ́lò, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó jọ fún wa nínú àpò. A ó ṣà wọ́n ní àwọ̀ àwọ̀, torí tí o bá yọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀, àwọ̀ ẹrẹ̀ ni yóò dà, kò sì sí wòlíì tí yóò ra àbẹ́là aláwọ̀ ẹrẹ̀. Yanrìn àti eérú máa ń wà lára wọn, nítorí náà a ó fọ̀ wọ́n níta, lẹ́bàá gọ́tà, a ó wá sá wọn sórí páànù nínú oòrùn fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Bí a ṣe bá a nìyẹn, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó bèèrè pé kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Òfin tó ga jù ní ṣọ́ọ̀bù wa ni pé omi ò gbọdọ̀ dé ibi ìkòkò. Èèwọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá ń lò gan-an nìyẹn. Wọn ò sọ pé báyìí ni yóò ṣe bó bá débẹ̀. Èèwọ̀ ni, ó tán. Ìta lo ti máa mumi, wàá nu ẹnu kí o tó wọlé. Tí mo bá ṣe àlùwàlá láti kírun, mo gbọ́dọ̀ dúró sínú oòrùn títí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mi á fi gbẹ. Àwọn àgbà máa ń wí pé ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Nídìí iṣẹ́ tiwa, ẹni tó bá da omi síwájú, ọsibítù ló ń lọ.

Ṣadé ló le jù nínú pípa òfin yìí mọ́. Bí oníbàárà bá mú ike omi dání, ẹnu ọ̀nà ni Ṣadé á ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi ọ̀gá lẹ́ẹ̀kan pé, "Ọ̀gá, kí ló dé tí omi fi jẹ́ èèwọ̀ ìkòkò?" Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Sìdí, ṣé o ti bi ìyá ẹ pé kí ló dé tí wọ́n fi bí ẹ?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. N ò bèèrè mọ́.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí Ṣadé ṣe fíríídọ̀ọ̀mù, ìyẹn ọjọ́ tí ọ̀gá á gbàdúrà fún ọmọṣẹ́, tí á tú u sílẹ̀ lójú àwọn ọ̀gá yòókù pé ó ti yege. Láìsí ìyẹn, kò sí ẹni tí yóò gbà pé o kọ́ṣẹ́ rárá. Ìyá Ṣadé ti wá ààyè fún un ní Òkota, ó sì ti bá a ra mọ́ọ̀dù tuntun. Ṣadé á máa gbé ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù tuntun náà bá mi délé, á tún gbé e dé ẹnu iṣẹ́, títí tí mo fi sọ fún un pé tó bá tún sọ̀rọ̀ páànù ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, màá pa etí mi dé.

Òjò ọdún náà kò dáwọ́ dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Ìjọ láti ṣọ́ọ̀ṣì kan tó máa ń rajà lọ́wọ́ wa wọlé wá. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, àjọ̀dún wa ti dé o. Ẹ má jẹ́ kójú tì wá." Ọ̀gá ní kò sí wàhálà. Wàhálà wà. Ìda tuntun tí à ń retí láti Àpápá ò tíì dé, torí omi ti kún ojú ọ̀nà. Àjókù funfun nìkan ló wà nílẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn la sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́, oòrùn ò sì yọ.

Ọ̀gá jókòó sórí àpótí, wọ́n mú àkísà gbígbẹ, wọ́n ń nu àjókù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, "Ó ti gbẹ." Gbogbo wa wò ó, ó gbẹ lójú wa. Ohun tí à ń pè ní omi ni èyí tó wà nínú bókẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń kán sílẹ̀. Àbẹ́là tí wọ́n ti nù, àbẹ́là ni. Kò sí èyí tó lòdì sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ọ̀gá fúnra wọn ló gbé bésìn tí àjókù náà wà, tí wọ́n dà á sínú ìkòkò tí ìda díẹ̀ ti ń yọ́ nínú rẹ̀. Wọ́n lọ sẹ́yìn láti lọ wo mọ́ọ̀dù. Ṣadé ń fi igi rò ó. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ń fa òwú.

Ó yọ́ dáadáa, iná sì ń jó lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo gbọ́ tí ìkòkò ń ta pẹ́pẹ́ bí ìgbà tí èèyàn bá ń dín nǹkan. Ṣadé ní, "Kí nìyí?" Kó tó sọ̀rọ̀ tán, gbogbo ohun tó wà nínú ìkòkò dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ìda gbígbóná bo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dé ọrùn, èyí tó kù dà sínú iná, iná sì gbà á dé òkè àjà. Ẹnìkan láti ìta ń pariwo pé ká gbé omi wá. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo gbọ́ tí ọ̀gá pariwo. Wọ́n ní, "Yanrìn! Yanrìn ni kí ẹ gbé wá!" Yanrìn la fi pa á. Níta, lẹ́nu ẹ̀rọ omi, la ti ń da omi tútù sí Ṣadé lọ́wọ́ títí mọ́tò fi dé láti gbé e lọ sí ọsibítù. Ìda ò dà bí omi gbígbóná tó ń ṣàn lọ. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ni, á sì gbé ooru rẹ̀ dúró síbẹ̀. Mi ò fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù tó ti dúdú, wọ́n ní, "Ẹnìkan da omi sínú ìkòkò mi." Ṣadé nìkan ló wà nídìí ìkòkò. Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Ìyá Ṣadé wá, ó kúnlẹ̀ sórí eérú. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ dákun. Ọmọ yìí ò da omi kankan síbẹ̀. Ó ní kí n sọ fún yín."

Ọ̀gá ní, "Ìyá Ṣadé, ẹ dìde. Inú mi ò dùn sí ohun tó ṣe é, màá sì máa wá wò ó. Ṣùgbọ́n omi ò lẹ́sẹ̀. Ẹnìkan ló gbé e wọlé."

"Fíríídọ̀ọ̀mù rẹ̀ ńkọ́, sà?"

"Ẹni tó da omi sínú ìkòkò, mi ò lè sọ fún àwọn ọ̀gá pé ó mọṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà tàn ká kíákíá. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti ń sọ ọ́ ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ṣe àbẹ́là ní Ìsọlọ̀ pé ọmọbìnrin kan ba èèwọ̀ jẹ́, ìkòkò sì jó o. Wọ́n ní orí rẹ̀ ni kò dáa. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ tiẹ̀ san, ta ni yóò gbà á síṣẹ́? Ta ni yóò ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀? Ó dùn mí gan-an, inú sì bí mi, torí ojú mi ló ṣe.

Mo lọ wò ó ní ọsibítù. Wọ́n ti fi báńdéèjì dì í láti ìka dé ọrùn. Ó ní, "Sìdí, ìwọ wà níbẹ̀. Ṣé mo da omi?"

Mo ní, "O ò da omi."

Ó ní, "Kí ló wá jó mi?"

Mo bá a bó ọsàn tí mo mú lọ, mo fi bọ́ ọ lẹ́nu, mo padà sílé. Ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá jọ òótọ́: omi ò lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ṣadé náà sì jẹ́ òótọ́. Tí ọ̀rọ̀ méjèèjì bá jẹ́ òótọ́, á jẹ́ pé omi náà bá nǹkan míì wọlé ni.

Àjókù díẹ̀ tí a jọ fọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ṣì wà nínú bésìn kejì níta. Mo mú ọ̀kan, mo nù ún bí ọ̀gá ṣe nù ún, mo ṣẹ́ ẹ sí méjì. Omi kán sí mi lẹ́sẹ̀. Ẹ wo àbẹ́là tó ti jó dé ìdí: àárín rẹ̀ máa ń jìn bí ife kékeré ní ibi tí òwú wà, etí ife náà á sì tẹ̀ padà bò ó. Omi tó bá wọ ibẹ̀ kì í jáde. Ara rẹ̀ lóde lè gbẹ kó máa dán, kí omi wà nínú rẹ̀.

Mo kó àwọn tó kù sínú agolo mílíìkì, mo gbé e sórí èédú díẹ̀ níta. Nígbà tó yọ́ tán, kí ó tó gbóná jù, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo jẹ́ kó dì. Mo gbọn ìda náà jáde. Omi dà jáde lábẹ́ rẹ̀, omi mímọ́ gaara. Mo tún ṣe òmíràn pẹ̀lú àjókù tí a ti sá ṣáájú kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ò ní omi kankan.

Ọ̀rọ̀ tí kò sẹ́ni tó sọ fún wa wá yé mi. Omi àti ìda kì í pò. Omi wúwo ju ìda lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ ló máa ń lọ, á sì bá iná pàdé níbẹ̀. Omi tètè ń hó. Ìda lè gbóná kọjá ibi tí omi ti ń hó kó má tíì ṣe nǹkan kan. Ìda tó wà lókè á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ìdérí. Nígbà tí omi náà bá wá di oru lẹ́ẹ̀kan náà, ibi tó wà ò ní gbà á mọ́. Omi tó kún ìdérí ìgò kan, tó bá di oru, lè fẹ̀ kún odindi kẹ́ẹ̀gì. Ó gbọ́dọ̀ jáde, ohun tó bá sì wà lórí rẹ̀ ni yóò gbé jáde.

Mo gbé agolo náà lọ bá ọ̀gá lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ ọwọ́ tó gbé bésìn, ọ̀gá náà mọ̀ ọ́n. Mo ṣe é lójú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí omi dà jáde, wọ́n fi ìka kàn án, wọ́n gbé e gbóòórùn, wọ́n tọ́ ọ wò.

Wọ́n ní, "Ta lo ti fi hàn?"

Mo ní, "Kò tíì sẹ́ni kankan, sà."

Wọ́n ní, "Máa lọ sílé."

Mo lọ. Mo sọ fún ìyá mi pé ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá mi ní kí n jẹun ná. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a, gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ohun tí òwe náà ò sọ ni ohun tí òtítọ́ á ṣe tó bá bá a tán, tó wá jẹ́ pé ọ̀gá ẹ ló pa irọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà, ọ̀gá ní kí n tẹ̀ lé àwọn. Ọsibítù la lọ. Wọ́n wọ agbádá, wọ́n sì pe ọ̀gá àbẹ́là méjì dání, àwọn tí ẹnu wọn ká àdúgbò. Ṣadé fẹ́ dìde láti kí wọn, wọ́n ní kó má dìde. Wọ́n dúró níwájú bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní, "Èmi ni mo da àjókù tútù sínú ìkòkò. Ọwọ́ mi ni. Ọmọ yìí ò jẹ̀bi nǹkan kan. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ gbọ́ o, kí ẹ bá mi sọ ọ́ fún ẹni gbogbo." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Láàárín àwọn aláìsàn, láàárín òórùn oògùn, wọ́n ṣe fíríídọ̀ọ̀mù Ṣadé tán. Ìyá rẹ̀ ń sunkún. Èmi náà sunkún, mi ò ní parọ́ fún yín.

Ṣadé ò sunkún. Ó ní, "Ẹ ṣé, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa pé omi máa ń sá lọ sábẹ́ ìda?"

Ọ̀gá wo ilẹ̀. Wọ́n ní, "Wọn ò sọ fún èmi náà."

Ọwọ́ Ṣadé san, ṣùgbọ́n àwọn ìka méjì ò ká dáadáa mọ́. Kò padà sídìí ìkòkò. Ó gba ààyè tó wà ní Òkota yẹn, ó ń ta òwú ìránṣọ, bọ́tìnnì àti síìpù níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ mọ́, ìyẹn ló jẹ ẹ́ lógún. Tí mo bá lọ kí i, a ó sọ̀rọ̀ ọkọ, a ó sọ̀rọ̀ ọmọ. A kì í sọ̀rọ̀ àbẹ́là.

Èmi gba fíríídọ̀ọ̀mù tèmi, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Irinṣẹ́ ń yí padà ni gbogbo ìgbà. A kúrò lórí igi, a bọ́ sórí gáàsì. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìkòkò ìda sínú ìkòkò omi, kí iná má kan ìda fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo ní ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, ṣé ẹ ń ṣeré ni? Lẹ́yìn náà ó yé mi. Omi tó bá ti ń hó kì í gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó ti wù kí o koná tó. Gbogbo ooru tó kù, oru ló fi ń ṣe. Nítorí náà ìda tó wà nínú rẹ̀ kò lè gbóná kọjá ibẹ̀. Omi tí à ń pè ní èèwọ̀ ló wá di olùṣọ́ wa, kó ṣá ti wà níta ìkòkò ìda. Tẹmómítà dé lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń da àbẹ́là púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà dé, èyí tí omi tútù ń gba inú páìpù kọjá lára mọ́ọ̀dù rẹ̀. Irin máa ń tètè gba ooru, á sì tètè jọ̀wọ́ rẹ̀, nítorí náà ohun tí à ń dúró dè títí ọ̀sán tẹ́lẹ̀ á ti dì kí o tó sọ̀rọ̀ tán.

Iná sólà, èyí tí wọ́n ń sá sóòrùn kó lè gba agbára, náà dé. Ìyẹn ò bá wa ṣe iṣẹ́ kankan, ńṣe ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá mú iná ọba lọ, gbogbo ilé ló ń ra àbẹ́là. Ní báyìí, ó ku ṣọ́ọ̀ṣì àti kéèkì ọjọ́ ìbí. Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù báyìí. Mi ò bínú sí i. Ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ẹ̀yin náà á rí tiyín.

Nítorí náà mi ò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni nínú yín lọ kọ́ àbẹ́là. Iṣẹ́ yòówù kí ẹ mú, wọ́n á sọ fún yín níbẹ̀ pé báyìí la ṣe ń ṣe é. Ẹ bọ̀wọ̀ fún ẹni tó sọ ọ́. Ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè ìdí, bí wọ́n bá sì fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ tún un bèèrè. Ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, mi ò lo ọ̀rọ̀ èèwọ̀. Ọmọṣẹ́ tí kò bá tíì lè sọ fún mi ìdí tí omi ò fi gbọdọ̀ wọ ìkòkò kì í sún mọ́ ọn.

Ó ku ọdún díẹ̀ kí n ti ṣọ́ọ̀bù náà nígbà tí kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ṣadé ló sọ̀ kalẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó gbẹ̀yìn tẹ̀ lé e. Ó ní ọmọ náà ní òun fẹ́ ṣe àbẹ́là olóòórùn dídùn, èyí tí àwọn ọlọ́lá ń gbé sí pálọ̀. Ṣadé ní òun ti bá a sọ̀rọ̀ títí, kò gbọ́. Ẹnu ọ̀nà ló ti ń sọ ọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kọjá ibẹ̀.

Mi ò rọ̀ ọ́. Mo mú ife gíláàsì tí iná kì í fọ́, mo yọ́ ìda díẹ̀ sínú rẹ̀, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kúrò lórí iná, mo gbé e sórí tábìlì tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo fi ìka kán omi sí i. Ó la ìda kọjá, ó lọ sísàlẹ̀, ó jókòó síbẹ̀ róbótó.

Ọmọ náà tẹ̀ ba láti wò ó. Ṣadé náà tẹ̀ ba.

Ó ní, "Ohun tó jó mi nìyí?"

Mo ní, "Òun ni."

Ó ní, "Ó kéré."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó nàró, ó fi ọwọ́ tí kò ká dáadáa yẹn ti ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn díẹ̀, ó ní kó wọlé.